Òfin Ìpilẹ̀ Tí Kò Sí Nínú Ìwé Kan: Ìjẹ̀bú Ti Ń Lò Ó Tipẹ́

Bí ọ̀rọ̀ òfin ìpilẹ̀ tí a kò kó jọ sínú ìwé kan bá délẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀pọ̀ máa ń nawọ́ sí: Magna Carta (àdéhùn ọba pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀) ní 1215, ìwé ẹ̀tọ́ ní 1689, òfin àrólé ọba ní 1701. A ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní òfin àìkọ. Wọ́n kọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọn ò kàn kó o pọ̀ sójú kan ni. Èyí tí wọn ò kọ ni àṣà tó ti di dandan, bíi pé ọba kì í kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin tí ilé aṣòfin bá ṣe. Ọbabìnrin Anne ló kọ̀ kẹ́yìn, ní 1708.

Irú rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú, tiwa sì gbó. Ẹ wo Erédò Súngbọ́: yàrà àti òkìtì tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 160, tí gíga rẹ̀ níbòmíràn tó mítà 20. Ta ló pe àgbẹ̀ kúrò lóko? Ta ló yan ibi tí abúlé kọ̀ọ̀kan máa gbẹ́ fún un? Ta ló sọ pé ó tó, ẹ sinmi? Àwọn ará Òkè-Ẹ̀rí ní Bilikisu Súngbọ́ ni. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í dá gbẹ́ irú yàrà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ìgbìmọ̀ ni, irú èyí tó wá di Òṣùgbó, ẹgbẹ́ àwọn àgbà ìlú. Nígbà tí Pacheco Pereira, ará Potogí, máa kọ̀wé ní nǹkan bí 1505 sí 1508, ó ti mẹ́nu kan ìlú ńlá kan, “Geebuu”, tí yàrà ńlá yí ká, tí ọba rẹ̀ ń jẹ́ “Agusale”. Awùjalẹ̀, orúkọ oyè ọba Ìjẹ̀bú, ni etí Potogí gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Orúkọ Ọbańta, ọba Ìjẹ̀bú láyé àtijọ́, náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Wọ́n ní igbe “Ọba ń bẹ níta!” ló bí i. Ẹ gbọ́ igbe náà dáadáa: àwọn tó wà nílé ló ń ké e. Ìlú ti wà kí ọba tó dé, ìlú ló sì gbà á wọlé. Gbogbo òfin tó kù, inú igbe yẹn ni mo ti rí i.

Àwọn ará Rẹ́mọ máa ń fa Ṣàgámù yọ, níbi tí ìlú mẹ́tàlá ti kóra jọ ní 1872 láìkọ ìwé àdéhùn. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ àná ni 1872.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́ nìyí. Àwọn Ìlámùrẹn, ìyẹn àwọn olóyè ńlá, tí Olísà ṣáájú wọn, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba. Pàǹpá ń sọ tẹnu ará ìlú. Òṣùgbó ń dájọ́, ó sì ń ṣòfin nínú ilédì, ilé ìpàdé rẹ̀. Ẹdan, akọ àti abo tí a fi ide ṣe, tí ẹ̀wọ̀n so wọ́n pọ̀ lórí, ni òǹtẹ̀ wọn: bó bá dé àárín ìjà, ìjà parí. Ẹ̀jẹ̀ tó kan ilẹ̀ ti di ọ̀ràn Ilẹ̀, kì í ṣe ti oníjà mọ́. Owó ìtanràn àti ètùtù ló tẹ̀ lé e. Ọba pàápàá kò kọjá rẹ̀. Ní 1883, ará ìlú lé Awùjalẹ̀ Fìdípọ̀tẹ̀ dé Ẹ̀pẹ́. Kò sí ìwé tí ẹnikẹ́ni ṣí kà fún un.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ni pé àṣà tiwọn kò ní adájọ́. Jennings, onímọ̀ òfin Gẹ̀ẹ́sì, fi ìbéèrè mẹ́ta wọ̀n ọ́n: ṣé wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀? Ṣé àwọn tó ń ṣe é gbà pé dandan ni? Ṣé ó nídìí? Ẹni tó bá fẹ́ rú u kì í dúró gbọ́ ìkẹta. Ní 1909, ilé àwọn olóyè ní Lọ́ńdọ̀nù da ètò ìnáwó nù, ohun tí àṣà kò gbà. Ní 1911, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: oṣù kan péré ni ilé àwọn olóyè lè fi dá òfin owó dúró, ọdún méjì fún èyí tó kù, 1949 sọ méjì di kan.

Tiwa náà di kíkọ. Ogun Ìmagbọ̀n 1892, tí Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, gba agbára lọ́wọ́ ilédì. Òfin oyè Ìwọ̀-Oòrùn 1957 mú kí a kọ ìdílé ọba mẹ́rin sílẹ̀: Gbélégbùwà, Aníkìnáíyá, Fúsẹ̀ngbùwà, Fìdípọ̀tẹ̀. Aníkìnáíyá mú Ọba Adétọ̀nà wá ní 1960. Nígbà tó wàjà ní oṣù keje 2025, ìwé yẹn ni àwọn ìdílé gbé lọ́wọ́. Ẹdan ò sí níbẹ̀.