Fífi omi tu kọ̀ǹpútà kékeré nínú ooru Abẹ́òkúta: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àbúrò kan tó ń ya àwòrán àdìrẹ lórí kọ̀ǹpútà ní Ìtòkú gbé kéèsì kékeré kan, ìyẹn àpótí kọ̀ǹpútà, tọ̀ mí wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lítà 16 ni gbogbo inú rẹ̀, motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń so mọ́) tó gbà kò sì ju 170 mílímítà níbùú àti lóròó lọ. Bó bá ti gbé iṣẹ́ ńlá lé e, fáànù rẹ̀ a máa han gooro, kọ̀ǹpútà náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ó fẹ́ fi omi tù ú. Ìbéèrè tó bi mí pọ̀, mo sì mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń rú lójú. Bó ṣe bi mí àti bí mo ṣe dá a lóhùn rèé.

Ẹ̀gbọ́n, omi inú àmù ìyá mi máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ ìta lọ. Ṣé bí omi yìí náà á ṣe rí nìyẹn?

Rárá o, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Àmù ń làágùn. Omi ń gba ara amọ̀ yọ díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, bó sì ṣe ń lọ ló ń kó ooru dání. Ìyẹn ló jẹ́ kí èyí tó kù nínú rẹ̀ tutù. Omi inú kọ̀ǹpútà ò ráyè làágùn, inú họ́ọ̀sì tí a dí pa ló ti ń yí po. Iṣẹ́ alábàárù ló ń ṣe: á ru ooru kúrò lára processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), á gbé e dé rédíétọ̀, fáànù á wá fẹ́ ẹ dànù. Bí yàrá rẹ bá gbóná dé 35°C, bó ṣe máa ń rí níbí lóṣù kejì àti ìkẹta, omi yẹn ò lè lọ sílẹ̀ ju 35°C láéláé. Ìwọ náà mọ̀ pé àpáta tó ti yá oòrùn látàárọ̀ kì í yára tutù lálẹ́ nílùú wa.

Ohun tí omi fi dára ni pé alábàárù tó lágbára ni. Bí omi àti afẹ́fẹ́ bá wúwo dọ́gba, ooru tí omi lè rù tó ìlọ́po mẹ́rin ti afẹ́fẹ́. Bó bá jẹ́ àyè tí wọ́n gbà la fi wọ́n, ó ju ìlọ́po 3,000 lọ. Ìdí nìyẹn tí họ́ọ̀sì tí kò nípọn ju àtàǹpàkò lọ fi lè kó ooru jáde láti kọ̀rọ̀ tí irin ìtùtù ńlá kò lè wọ̀.

Kí ni kí n kọ́kọ́ rà? Water block tó ń tàn yẹn, irin tó ń jókòó lé processor tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, wù mí.

Má tíì ra nǹkan kan. Mú rúlà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe irú èyí, mo lọ ra rédíétọ̀ 240 ní Ìkẹjà torí pé àyè 245 mílímítà wà nínú kéèsì mi. Mo délé, kò wọlé. Fáànù onímílímítà 120 méjì ni nọ́ńbà 240 yẹn ń sọ. Irin rédíétọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń gùn tó nǹkan bí 275 mílímítà, nítorí ibi tí omi ń kó jọ sí lórí àti nídìí rẹ̀. Owó tí mo fi oṣù mẹ́ta tọ́jú ni, ó dùn mí wọra.

Wo bó ṣe nípọn tó náà. Rédíétọ̀ tí kò nípọn púpọ̀ jẹ́ mílímítà 27 sí 30, fáànù jẹ́ 25, ó di 52 sí 55 kí o tó ronú ibi tí họ́ọ̀sì máa yí gbà. Fáànù pẹlẹbẹ tó jẹ́ 15 wà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kéré, n kò sì ní í lò ó níbí àfi tí kò bá sọ́nà mìíràn. Fáànù tó lè ti afẹ́fẹ́ gba àárín irin tó há ni kó o rà.

Lẹ́yìn ìyẹn lo máa ka ooru. Àwa tá à ń tò ó máa ń ka ooru 100 wáàtì sí ọrùn fáànù 120 kọ̀ọ̀kan tó wà lára rédíétọ̀. Processor rẹ ń jẹ nǹkan bí 100, GPU rẹ (ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán) ń jẹ 200. Lápapọ̀, fáànù mẹ́ta nìyẹn, méjì péré sì ni kéèsì rẹ gbà. Bó o bá kó méjèèjì sórí omi kan ṣoṣo, omi á gbóná, fáànù á sì tún máa han bíi ti tẹ́lẹ̀. Processor nìkan ni kó o fi omi tù. Jẹ́ kí GPU máa lo fáànù tó bá a wá.

Ṣé kí n ra èyí tí wọ́n ti tò tán ni, àbí kí n tò ó fúnra mi?

Fún ìwọ, èyí tí wọ́n ti tò tán, tí omi rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ohun kan ni kó o ṣọ́: má jẹ́ kí pọ́ǹpù rẹ̀ ga ju gbogbo ìyókù lọ. Òkè ni afẹ́fẹ́ inú omi máa ń sá lọ, bó bá sì kó sínú pọ́ǹpù, á máa pariwo, kì í sì í pẹ́ tí á fi bàjẹ́. Omi rẹ̀ á máa gba ara họ́ọ̀sì dínkù bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, nítorí náà má retí pé kó bá ọ dalẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ tò ó fúnra rẹ̀ ní láti mọ̀ pé nínú oríṣi pọ́ǹpù méjì tó wọ́pọ̀, DDC kéré ju D5 lọ, ó sì rọrùn fún kéèsì tó há, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ máa ń gbóná. Ní ti họ́ọ̀sì, mo fẹ́ràn 10/16 (mílímítà 10 nínú, 16 lóde) ju 10/13 lọ. Ara rẹ̀ nípọn, kì í tètè ká pọ̀ ní igun.

Ẹnì kan ń ta rédíétọ̀ tòkunbọ̀ alálúmíníọ̀mù lówó pọ́ọ́kú. Ṣé kí n tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí mo bá fẹ́ tò ó fúnra mi?

Jọ̀ọ́, fi sílẹ̀. Bàbà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ water block. Bí bàbà àti álúmíníọ̀mù bá jọ wà nínú omi kan náà, wọ́n á máa ṣe bíi bátìrì kékeré, álúmíníọ̀mù ni yóò sì máa jẹrà. Èérún rẹ̀ á dí àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ inú water block, tàbí kí rédíétọ̀ náà lu, kí omi sì dà sórí motherboard. Bàbà àti idẹ ò ní wàhálà fún ara wọn. Òótọ́ ni pé èyí tí wọ́n tò tán sábà máa ń ní bàbà àti álúmíníọ̀mù pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é ti po oògùn tó ń dènà ìjẹrà mọ́ omi rẹ̀.

Tó bá dọjọ́ náà, ṣé mo lè bu piọ́ wọ́tà sí i?

Rárá. Piọ́ wọ́tà dára fún mímu, ṣùgbọ́n iyọ̀ ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, omi kànga tiwa tó ń gba abẹ́ àpáta kọjá ni ká má tilẹ̀ sọ. Ìyọrísí rẹ̀ ni èépá funfun tó o máa ń rí nídìí kẹ́tùrù. Omi tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà ló dára jù, tí oògùn tó ń pa ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan máa ń lọ ra omi bátìrì lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún bátìrì mọ́tò ṣe. Mo bẹ̀ ọ́, ṣọ́ra gidigidi. Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà níbẹ̀: omi tí wọ́n sè, tí wọ́n gba èéfín rẹ̀ kó tún di omi, àti ásíìdì. Inú ike tó jọra ni wọ́n máa ń rọ méjèèjì sí. Bí kò bá sí àkọlé lára ike náà, má fọwọ́ kàn án.

Tí iná bá lọ lójijì, ṣé omi ò ní hó?

Kò lè hó. Bí pọ́ǹpù ṣe ń dúró ni processor náà ń dúró, kò sí ooru tuntun mọ́. Iṣẹ́ tí o kò tíì tọ́jú ni kó o bẹ̀rù fún. Ra UPS, bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ.

Eruku ọyẹ́ ńkọ́?

Á dí àárín irin rédíétọ̀ bí ẹní fi aṣọ bò ó. Fi asẹ́ sí ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kó o sì máa fẹ́ eruku rẹ̀ kúrò lọ́sẹ̀ méjì méjì títí ọyẹ́ á fi lọ. Fi ìka di fáànù mú bó o bá ń fẹ́ ẹ.

Báwo ni ẹni tó tò ó fúnra rẹ̀ ṣe máa mọ̀ pé kò jò?

Pọ́ǹpù nìkan ni á kọ́kọ́ fún ní iná. Wọ́n ń ta ohun kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ẹnu wáyà oníhò 24 ti power supply (ohun tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà), tó fi máa tàn láìsí motherboard. Kó rọ omi sí i díẹ̀díẹ̀, kó má sì jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ lórí gbígbẹ, torí omi yẹn náà ló ń fi ṣe epo. Kó fi tíṣù funfun yí gbogbo oríkèé họ́ọ̀sì ká, kó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24. Bí iná bá ń ṣe ségesège, wákàtí tí pọ́ǹpù fi yí gan-an ni kó kà. Lẹ́yìn náà, kó fọwọ́ kan tíṣù kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo wọn bá gbẹ, kó wá so wáyà ìyókù.