Àyẹ̀wò ìwé àdéhùn láàrin oníkànnì fídíò àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì oníkànnì púpọ̀ ni ilé-iṣẹ́ tó ń kó ọ̀pọ̀ ìkànnì YouTube sábẹ́ ara rẹ̀, tó ń bá wọn wá ìpolówó, tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ wọn lórí fídíò, tó sì ń mú ìpín tirẹ̀ nínú owó tó bá wọlé. Kì í ṣe ẹ̀ka YouTube, kì í sì í ṣe aṣojú Google. Àdéhùn tí oníkànnì bá fọwọ́ sí wà láàrin òun àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan. Bí ìjà bá dé, YouTube kì í dá sí i, kò sì lè fagi lé ìwé náà. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí a ṣe ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí a tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, pẹ̀lú àpẹẹrẹ láti Èkìtì, níbi tí aláwàdà, olórin alámọ̀ àti àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá ti ń gbé iṣẹ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìtàn ní kúkúrú

Ọdún 2005 ni YouTube bẹ̀rẹ̀, Google sì rà á ní 2006. Ní 2007 ló bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó ìpolówó fún àwọn oníkànnì, ọdún yẹn náà ló gbé Content ID jáde, ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí ẹnìkan bá gbé fídíò tàbí orin ẹlòmíràn sókè. Àyè àti wọlé kò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé nígbà náà. Inú àlàfo yẹn ni àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì bíi Machinima, Maker Studios àti Fullscreen ti dìde. Disney ra Maker Studios ní 2014. Defy Media, nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, ti ilẹ̀kùn ní oṣù kọkànlá 2018, owó àwọn oníkànnì sì há sọ́wọ́ rẹ̀. Machinima náà parí iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019. Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí wúlò fún ẹni tó ń ka àdéhùn lónìí, nítorí wọ́n fi hàn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè di ti ẹlòmíràn, ó sì lè kú pẹ̀lú owó oníkànnì nínú àpò rẹ̀.

Ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe

Láti 2018, ìkànnì gbọ́dọ̀ ní olùforúkọsílẹ̀ 1,000, kí àwọn ènìyàn sì ti fi wákàtí 4,000 wò ó láàrin oṣù 12, kí ó tó lè pín nínú owó ìpolówó. Láti 2023, ẹni tí wọ́n bá wo fídíò kúkúrú rẹ̀ ní ìgbà mílíọ̀nù 10 láàrin 90 ọjọ́ lè fi èyí rọ́pò wákàtí. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lè gbé ẹnikẹ́ni fo òṣùwọ̀n yìí. Ẹni tó bá ní òun lè ṣe é, irọ́ ló ń pa. Kò sí ìdí láti ka ojú ewé kejì ìwé rẹ̀.

Ní Èkìtì, ohun tó ń ti ọ̀pọ̀ oníkànnì sọ́dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ìpolówó. Lẹ́tà ni. Nígbà tí owó inú AdSense, àkáǹtì tí Google fi ń san owó ìpolówó, bá pé 10 dọ́là, Google a fi lẹ́tà tó ní nọ́ńbà oníhòòrò mẹ́fà ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì oníkànnì, bí oṣù mẹ́rin bá sì kọjá tí kò tíì tẹ nọ́ńbà náà wọlé, ìpolówó a dúró lórí fídíò rẹ̀. Àdírẹ́sì tó kà báyìí pé "Àjílósùn, Adó-Èkìtì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ilé onígéètì dúdú" kì í ran òṣìṣẹ́ póòsì lọ́wọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á wá ní kó má ṣèyọnu mọ́: òun ni yóò máa gba dọ́là, òun ni yóò máa fi náírà ránṣẹ́. Ìrànlọ́wọ́ gidi ni, àmọ́ ìdá 30 nínú 100 fún ọdún méjì ti wọ́n jù fún lẹ́tà kan ṣoṣo. Àpótí lẹ́tà ilé-ìwé tàbí ti ibi iṣẹ́ lè gba lẹ́tà náà. Ẹni tó bá ní àkáǹtì dọ́là ní báǹkì lè máa gba owó rẹ̀ tààrà bí ó bá ti pé 100 dọ́là. Láàrin ọjọ́ 21 sí 26 oṣù ni Google máa ń san án.

Ohun tó tọ́ kí a sanwó fún ni èyí tí oníkànnì kò lè dá ṣe: Content ID, tí YouTube kì í fún oníkànnì kékeré, wíwá àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń polówó ọjà nínú fídíò, àti ìtumọ̀ abẹ́ fídíò fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Kí ìwé kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. "A ó ràn ọ́ lọ́wọ́ láti dàgbà" kì í ṣe ìlérí tí ilé-ẹjọ́ lè wọ̀n. "A ó ṣe ìtumọ̀ fídíò mẹ́rin lóṣù" ṣeé wọ̀n.

Ìdá wo, nínú kí ni?

Ibi tí ojú àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń sá sí nìyí, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń ṣì í kà jù. Lórí ìpolówó tó wà lára fídíò gígùn, YouTube ń mú ìdá 45, ìdá 55 ń bọ́ sọ́wọ́ oníkànnì. Lórí fídíò kúkúrú, ìdá 45 ni ti oníkànnì. Nínú ohun tó kù yìí ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń mú tirẹ̀, láti ìdá 10 dé 40, ó tún máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ká ní àwọn onípolówó san 1,000 dọ́là lórí ìkànnì aláwàdà kan ní Ìkẹ́rẹ́. YouTube mú 450, ó ku 550. Bí ìwé bá ní ìdá 30 nínú "net revenue", tó sì túmọ̀ rẹ̀ sí owó tí YouTube san, nẹ́tíwọ́ọ̀kì mú 165, aláwàdà mú 385. Bí ó bá jẹ́ "gross revenue", ìdá 30 nínú 1,000 ni, ìyẹn 300. Ohun tó kù fún aláwàdà kò ju 250 lọ. Ìdá kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan ló yí padà, 135 dọ́là sì lọ. Nítorí náà, ojú ewé tí ìwé ti túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ ṣí, ká tó dé ibi tí wọ́n kọ iye sí. Bí ibẹ̀ bá ní wọn yóò yọ "ìnáwó" kúrò kí wọ́n tó pín, tí kò dárúkọ ìnáwó náà, tí kò sì fi gbèdéke sí i, ìdá tí wọ́n kọ kò tíì jẹ́ ìdá kankan.

Owó-orí Amẹ́ríkà náà wà níbẹ̀. Láti 2021 ni Google ti ń yọ owó-orí lórí owó tó bá ti ọ̀dọ̀ òǹwòran Amẹ́ríkà wá. Nàìjíríà kò ní àdéhùn owó-orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà, nítorí náà ìdá 30 ni wọ́n ń yọ fún ẹni tó bá kọ W-8BEN, fọ́ọ̀mù owó-orí fún ẹni tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà. Ẹni tí kò bá kọ fọ́ọ̀mù kankan, wọ́n lè yọ ìdá 24 nínú gbogbo owó rẹ̀ pátá, títí kan èyí tó wá láti Adó. Àwọn ọmọ Èkìtì tó wà lókè òkun pọ̀ nínú òǹwòran fíìmù Yorùbá, owó tí àwọn onípolówó ń san lórí wọn sì ga ju ti ilé lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ká ní 200 nínú 550 dọ́là yẹn ti Amẹ́ríkà wá: owó-orí jẹ́ 60, ó ku 490. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá mú ìdá 30 lẹ́yìn owó-orí, 343 ni ti oníkànnì. Bí ó bá mú un ṣáájú, 325 ni. Ẹni tó wà lábẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè nípa náírà. Iye wo ni wọn yóò fi ṣẹ́ dọ́là, ti ọjọ́ wo? Ìwé tó bá kàn sọ pé "iye tó bá wà nígbà náà" fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì láyè láti yan èyí tó dára fún un. Kí ìwé tún sọ iye ọjọ́ tí owó yóò fi dé lẹ́yìn tí YouTube bá san, àti ẹ̀tọ́ oníkànnì láti rí àkọsílẹ̀ tó ti ọ̀dọ̀ YouTube wá gan-an.

Owó onígbọ̀wọ́ yàtọ̀. Bí oníṣòwò ìyẹ̀fun iyán kan ní Ọjà Ọba bá sanwó kí aláwàdà dárúkọ ọjà òun nínú fídíò, ta ló mú oníbàárà wá? Ọ̀pọ̀ ìwé ní kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pín nínú gbogbo owó onígbọ̀wọ́, ẹni yòówù kó wá a. Ó dára kí wọ́n yà á sọ́tọ̀: èyí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá mú wá, kó pín níbẹ̀, èyí tí oníkànnì bá fúnra rẹ̀ rí, kó jẹ́ tirẹ̀.

Ọjọ́ tí àdéhùn ń parí, àti bí kì í ṣeé parí

Ìpín tí kò dára lè ṣeé fara dà fún oṣù mẹ́fà. Ìwé tí kò ní ọ̀nà àbájáde ló ń pa ènìyàn lára. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni ìsọdọ̀tun fúnra rẹ̀: bí oníkànnì kò bá kọ̀wé kí ọjọ́ báyìí tó pé, àdéhùn yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àdéhùn oṣù 24 tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2025 yóò parí ní ọjọ́ 28 oṣù kejì 2027. Bí ìwé bá béèrè ìkìlọ̀ 60 ọjọ́, lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá 2026, láàrin Kérésìmesì àti ọdún tuntun, nígbà tí gbogbo ilé ń gúnyán, tí kò sẹ́ni tó ń rántí ìwé. Ẹni tó bá gbàgbé ti wọ ọdún mìíràn. Kí a kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà lọ́jọ́ tí a fọwọ́ sí ìwé, ká sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nípa ọ̀nà tí ìwé dárúkọ. Bí ìwé bá ní ímeèlì, WhatsApp lè má tó.

Ìfòpinsí kí ọjọ́ tó pé náà gbọ́dọ̀ wà fún ọwọ́ méjèèjì. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lé oníkànnì nígbàkigbà, oníkànnì kò sì lè lọ. Ìdí mẹ́ta wà tó yẹ kí oníkànnì lè torí rẹ̀ lọ: owó tó pẹ́ ju 30 ọjọ́ lọ lẹ́yìn ọjọ́ tí ìwé dá, iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí tí wọn kò ṣe, àti bí wọ́n bá ta nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ẹlòmíràn.

Ta ló ni fídíò?

"Licence" jẹ́ àyè láti lo iṣẹ́. "Assignment" jẹ́ gbígbé ẹ̀tọ́ fúnra rẹ̀ fúnni. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, ní kí gbígbé ẹ̀tọ́ fúnni àti àyè tí a fún ẹnìkan ṣoṣo wà nínú ìwé, nítorí náà ibi tí a bá fọwọ́ sí ṣe pàtàkì ju ohun tí wọ́n fẹnu sọ lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò nílò ju àyè lílò fún iye ọdún àdéhùn lọ. Ọ̀rọ̀ méjì tó yẹ kó dá ojú dúró ni "in perpetuity", ìyẹn títí ayé, àti "irrevocable", èyí tí a kò lè gbà padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2013, ìwé Machinima tó ní ẹ̀tọ́ títí ayé lórí fídíò dá awuyewuye sílẹ̀ láàrin àwọn oníkànnì.

Títa fíìmù fún oníkànnì ńlá kan, tó ń san owó lẹ́ẹ̀kan náà, jẹ́ òwò mìíràn. Ibẹ̀ ni kí a ti béèrè iye ọdún tí fíìmù yóò fi wà lórí ìkànnì rẹ̀, àti bóyá oníṣẹ́ lè gbé e sórí Facebook tàbí sí tẹlifíṣọ̀n.

Ìṣòro Content ID hàn kedere nínú orin alámọ̀. Kí a gbà pé ẹgbẹ́ obìnrin kan ní Ìjerò gba alámọ̀ sílẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì fi í sínú Content ID. Orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ jẹ́ tiwọn, ohùn àtayébáyé tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá lo lílù tí a ṣe sílẹ̀ fún títà (beat), tí ẹlòmíràn náà rà, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí fídíò aláìṣẹ̀, àtakò á sì dé. YouTube fẹ́ kí ẹni tó fi orin sínú ẹ̀rọ náà ní ẹ̀tọ́ òun nìkan lórí rẹ̀. Bákan náà, ìwé máa ń ní kí oníkànnì ṣèlérí pé iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀ pátápátá, kó sì san gbogbo ìnáwó ẹjọ́ bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ alámọ̀ tí kò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn elégbè rẹ̀ ti ṣe ìlérí tí kò lè mú ṣẹ. Kí a fi gbèdéke sí ìnáwó yìí, ó pọ̀ tán, iye tí oníkànnì gbà láàrin oṣù 12.

Owó àsansílẹ̀ àti ibi ẹjọ́

Àsansílẹ̀ jẹ́ gbèsè. Nínú ìpín oníkànnì ni wọn yóò ti máa yọ ọ́, àwọn ìwé kan sì ní àdéhùn kò ní parí títí yóò fi tán, bó bá tilẹ̀ gba ọdún mẹ́wàá. Kí a ní kí ọjọ́ ìparí dúró lọ́tọ̀ sí gbèsè. Ní ti ẹjọ́, ìwé tó bá ní Kalifọ́níà nìkan ni a ti lè pẹjọ́ kò yàtọ̀ sí ìwé tó ní kò sí ẹjọ́, fún ẹni tó ń gbé Ọ̀yẹ́. Kí oníkànnì béèrè Nàìjíríà, tàbí kí ó kéré tán gba ìlàjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí lọ́yà kan ní Adó sì kà á kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Wíwọlé àti kíkúrò

Ìforúkọ sí ìwé àti títẹ ìpè tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ránṣẹ́ nínú YouTube Studio, ibi tí oníkànnì ti ń darí ìkànnì rẹ̀, jẹ́ ohun méjì. Kí a parí ìwé ṣáájú, ká tó gba ìpè, ká sì ka àṣẹ tí ìpè náà béèrè. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò nílò ọ̀rọ̀ ìwọlé Gmail rárá, kò sì gbọdọ̀ di ẹni tó ni ìkànnì.

Nígbà tó bá tó àkókò láti lọ, kí oníkànnì kọ́kọ́ gbé àkọsílẹ̀ owó oṣù kọ̀ọ̀kan jáde, kí ó sì béèrè orúkọ gbogbo fídíò tó lo orin láti inú àpò orin nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nítorí àyè orin náà lè parí pẹ̀lú àdéhùn, kí ẹni tó ni orin sì gba owó fídíò náà láti ọ̀la. Lẹ́yìn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá tú ìkànnì sílẹ̀, oníkànnì yóò so AdSense tirẹ̀ mọ́ ọn. Owó àwọn oṣù tó ṣáájú ṣì máa gba ọ̀dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá, ó sì lè gba 60 ọjọ́ kó tó dé. Kí àkáǹtì báǹkì tó wà nínú ìwé wà ní ṣíṣí títí ìgbà yẹn.