Kí ni olóyìnbó ń sọ nígbà tó bá pe ibì kan ní landlocked?

Ṣé ibi tó bá ti jìnnà sí omi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?

Rárá o. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í lò nìyẹn. Ibi tí wọ́n ń pè ní landlocked ni ibi tí ará ibẹ̀ ò ti lè dé etí òkun láìgba orí ilẹ̀ ẹlòmíì kọjá, ì báà jìnnà, ì báà sún mọ́. Odò Ọya gba inú Niger kọjá, odò yẹn náà ló sì ń ṣàn wọ òkun, síbẹ̀ landlocked ni Niger, nítorí inú Nàìjíríà ni odò náà gbà dé òkun. Chad ní adágún ńlá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìyẹn náà ò yọ ọ́. Ẹ wá wo Togo. Etí òkun rẹ̀ ò ju nǹkan bíi kìlómítà 56 lọ, àmọ́ ó tó. Èbúté Lomé wà níbẹ̀, Burkina Faso, Mali àti Niger sì ń gbà á kó ẹrù wọlé.

Orílẹ̀-èdè 44 ló wà nínú ẹgbẹ́ yìí tí a bá ka Vatican mọ́ wọn, 16 nínú wọn sì wà ní Áfíríkà. Ọdún 1993 ni Ethiopia bá ara rẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí Eritrea dá dúró tó sì gbé gbogbo etí òkun lọ. Látìgbà tí ogun ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì ní 1998, Djibouti ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹrù rẹ̀ ń gbà wọlé.

Kazakhstan wà létí Òkun Caspian. Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń kà á mọ́ wọn?

Orúkọ lásán ni “òkun” yẹn. Adágún ni Caspian, kò sí ibi tó ti já sínú òkun tòótọ́. Ọkọ̀ ojú omi tó bá fẹ́ jáde níbẹ̀ ní láti wọ odò Volga, kó gba ipa odò àtọwọ́dá tí wọ́n ṣí ní 1952 láàárín Volga àti Don, kó tó já sí Òkun Azov. Inú Rọ́ṣíà ni gbogbo ìrìn yẹn. Uzbekistan tiẹ̀ tún burú jù: gbogbo orílẹ̀-èdè tó yí i ká ni kò ní òkun. Òun àti Liechtenstein nìkan ni wọ́n ń pè ní doubly landlocked.

Mo kà á nínú ìwé àtijọ́ pé èbúté kan jẹ́ landlocked. Báwo ni èbúté á ṣe wà láìsí òkun?

Òkun wà níbẹ̀. Ìlò àwọn atukọ̀ nìyẹn, ìyìn ló sì jẹ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yí omi náà ká tán, ìjì àti ìgbì ò sì lè ráyè wọlé. Ìyawọlẹ̀ omi San Francisco ní Amẹ́ríkà rí bẹ́ẹ̀: omi inú rẹ̀ gbòòrò, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà Golden Gate tó já sí òkun ò fẹ̀ ju nǹkan bíi kìlómítà kan àbọ̀ lọ. Tí ẹ bá ń ka ìwé nípa ọkọ̀ ojú omi, ìtumọ̀ yìí ni kó kọ́kọ́ wá sọ́kàn yín.

Ṣé mo lè pe Ìbàdàn bẹ́ẹ̀?

Inland ló dùn létí jù fún ìlú. Fún ìpínlẹ̀, bí Ọ̀ṣun tàbí Èkìtì, landlocked dáa. Ẹ ṣọ́ra fún ti Amẹ́ríkà, torí tí wọ́n bá ní ìlú, ilé ìwòsàn tàbí pápá ìṣeré kan jẹ́ landlocked níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń wí ni pé kò sí àyè tí wọ́n lè fẹ̀ sí mọ́.

Mo rí ìpolówó ilẹ̀ kan tí owó rẹ̀ kéré jọjọ. Wọ́n kọ “landlocked parcel” sí i. Ṣé kí n rà á?

Ìdí tó fi kéré náà nìyẹn. Títì ló rọ́pò òkun níbí: ilẹ̀ onílẹ̀ yí i ká, kò sí ibi tó ti kan títì ìjọba. Ẹni tó bá ti ra púlọ́ọ̀tì ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ mọ ohun tí à ń wí. Báńkì kì í fẹ́ yá èèyàn lówó lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tírélà yanrìn ò lè wọlé, páìpù omi àti wáyà iná pàápàá nílò àṣẹ aládùúgbò.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì ní ohun tó ń jẹ́ easement of necessity, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti gba orí ilẹ̀ ẹlòmíì kọjá torí kò sí ọ̀nà míì. Ẹ má fi ọkàn sí i jù. Ẹ ní láti fi hàn pé ilẹ̀ ẹnì kan náà ni méjèèjì tẹ́lẹ̀, àti pé ìgbà tí wọ́n pín in ni ọ̀nà dí. Tí ọ̀nà míì bá wà, bó ti wù kó nira tó, ó ti parí. Nínú ẹjọ́ kan láti Gambia tí Privy Council, ilé ẹjọ́ kan ní London, dá ní 1990, ọkọ̀ ojú omi lè gba orí odò dé ilẹ̀ náà, wọ́n sì ní kò sí ẹ̀tọ́ láti gba orí ilẹ̀ aládùúgbò.

Ní England, ẹni tó ń ta ilẹ̀ tún lè mọ̀ọ́mọ̀ fi ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ pamọ́ sáàárín èyí tó tà àti títì. Wọ́n ń pè é ní ransom strip. Nínú ìdájọ́ 1961 kan lórí ilẹ̀ ní Cambridge, wọ́n pín owó tí iye ilẹ̀ ẹ̀yìn fi lé sókè sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n sì ka ìdá kan nínú rẹ̀ sí ti ẹni tó ni ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ibẹ̀ ni ìdúnàádúrà sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ títí di òní.

Nítorí náà, ipa ẹsẹ̀ tí ẹ rí nílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ wò ó nínú ìwé ilẹ̀ bóyá wọ́n kọ ọ̀nà náà sí i, bó ti fẹ̀ tó ní mítà, bóyá ẹsẹ̀ nìkan ni àbí ọkọ̀ náà, bóyá páìpù àti wáyà lè gba abẹ́ rẹ̀, àti bóyá ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ yín á jogún rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fún ẹlẹ́sẹ̀, tírélà ò ní ẹ̀tọ́ síbẹ̀.

Ẹja landlocked ńkọ́?

Salmon ni. Ẹja salmon máa ń ti odò lọ sínú òkun, á sì padà wá yé ẹyin, àmọ́ àwọn kan ń lo gbogbo ayé wọn nínú omi tí kò níyọ̀, bíi ti adágún Sebago ní ìpínlẹ̀ Maine. Àwọn apẹja ibẹ̀ kì í tiẹ̀ dárúkọ salmon mọ́. “Landlocked” nìkan ni wọ́n ń pè é.