Etí Òrùlé: Ẹ Má Gba “Ẹsẹ̀ Bàtà Méjì Yípo”

Tí ẹ bá bi káfíńtà l'Ékòó pé báwo ni etí òrùlé ṣe máa yọ tó, “ẹsẹ̀ bàtà méjì yípo” ló máa fi dá yín lóhùn. Èmi kì í gbà fún wọn, nítorí oòrùn kò bá ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jà bákan náà.

Ní oṣù kẹfà, oòrùn ọ̀sán Èkó máa ń yà sí àríwá díẹ̀, àmọ́ òjò ti gba ìgboro nígbà yẹn, ojú ọ̀run ṣú. Oṣù kejìlá ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ìhà gúúsù ni oòrùn wà, ó rẹlẹ̀ sí nǹkan bíi digírì 60 sí ilẹ̀, ẹ̀rùn sì ti dé. Ẹ wọn láti abẹ́ etí òrùlé dé ìsàlẹ̀ fèrèsé. Ká ní ó jẹ́ mítà 1.5: ní gúúsù, etí òrùlé ní láti yọ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 87 kí oòrùn ọ̀sán má baà kan gíláàsì. Ní àríwá, sẹ̀ǹtímítà 46 ti tó. Ẹsẹ̀ bàtà méjì káfíńtà, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 61 lọ, kéré níhìn-ín, ó sì pọ̀ jù lọ́hùn-ún.

Ti ìwọ̀-oòrùn ńkọ́? Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, etí òrùlé fún fèrèsé yẹn kan náà á ní láti yọ ju mítà méjì ààbọ̀ lọ. Ta ni yóò ṣe ìyẹn? Ẹ kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ síbẹ̀, tàbí kí ẹ kó ilé ìwẹ̀, àkàsọ̀ àti yàrá ìkẹ́rùsí sí ìhà náà. Fèrèsé pákó tí àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wá, lò ní Pópó Àgùdà l'Ékòó ṣì wúlò títí dòní. Ilé alájà kò gbọ́dọ̀ gbójú lé òrùlé: fèrèsé ìsàlẹ̀ nílò ìbòrí kọ́ńkéré tirẹ̀.

Òjò kì í sọ̀ kalẹ̀ tààrà. Ìjì oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún sábà máa ń ti ìlà-oòrùn gbé e bọ̀. Bí ó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní digírì 45, etí òrùlé ẹsẹ̀ bàtà méjì kò ní dáàbò bo ju ẹsẹ̀ bàtà méjì òkè ògiri lọ. Ọ̀ṣọ̀rọ̀ á tún máa ta ẹrẹ̀ sára ìpìlẹ̀, nítorí náà ẹ da kọ́ńkéré tàbí òkúta wẹ́wẹ́ síbi tó ń bọ́ sí. (Kó má sì bọ́ sí àgbàlá aládùúgbò, ìjà ni.)

Àṣà tó ń bí mi nínú ni ti parapet, ògiri tí wọ́n máa ń gbé ga kọjá òrùlé láti fi bò ó lójú, kí ilé lè dà bí páálí ṣúgà. Kò sí etí òrùlé rárá. Omi ń ṣàn lójú ògiri, ọ̀dà ń bó, bí ihò omi bá sì dí, inú àjà ni gbogbo rẹ̀ ń gbà wọlé.

Ṣùgbọ́n etí òrùlé tó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ máa ń fún ìjì ní ibi ìdìmú. Ẹ ní kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ so pákó òrùlé mọ́ orí ògiri, kì í ṣe ìṣó nìkan, kí ẹ sì pinnu gígùn rẹ̀ kí wọ́n tó gé pákó.