Ọmọ Tó Ní Ìpèníjà Ìdàgbàsókè ní Amẹ́ríkà: Ilé Ẹ̀kọ́ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Lọ

Ọ̀pọ̀ òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà ló ń rí i pé ọmọ àwọn ti tó ọdún mẹ́rin tí kò tíì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú kò jẹ́ kí wọ́n wá ìrànlọ́wọ́. Ní ti ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ìbẹ̀rù yìí kò nídìí, nítorí láti ọdún 1982 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dájọ́, nínú ẹjọ́ Plyler v. Doe, pé wọn kò gbọdọ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ tí kò ní ìwé. Ẹ̀kọ́ àkànṣe tí òfin IDEA ṣètò fún ọmọ ọdún 3 sí 21 sì wà lára ẹ̀tọ́ náà. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 3 ní ètò tiwọn.

Ẹ má fi ẹnu lásán béèrè. Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ ọmọ yín wò fún ẹ̀kọ́ àkànṣe, ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí àyẹ̀wò náà, òfin àpapọ̀ fún wọn ní ọjọ́ 60 láti parí rẹ̀, àyàfi bí ìpínlẹ̀ yín bá ní gbèdéke tirẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ wá ògbufọ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìpàdé IEP, ìyẹn ìpàdé tí ẹ̀yin àti ilé ẹ̀kọ́ ti máa ń ṣètò ẹ̀kọ́ àkànṣe ọmọ náà, nítorí náà ẹ má gbà kí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà máa túmọ̀.

Ibi tí mo ti ń rí i pé ọ̀rọ̀ ń bàjẹ́ jù ni ìgbà tí olùyẹ̀wò bá béèrè bí ọmọ ṣe ń ṣe sí. A kì í fẹ́ sọ àléébù ọmọ wa lójú àlejò, ìyá á ní, “Ó ń gbìyànjú, a dúpẹ́,” wọn á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò nílò ìrànlọ́wọ́ púpọ̀. Ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ ń wẹ̀ fún un, pé aago méjì òru ló ń jí, pé bí ẹ bá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sára ìlẹ̀kùn, ó ti bọ́ sí títì.

Owó SSI, tí ìjọba àpapọ̀ ń san lóṣooṣù fún aláìlera tí owó kò tó lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀, yàtọ̀ pátápátá sí ti ilé ẹ̀kọ́. Òfin yọ ọ̀pọ̀ àjòjì sílẹ̀, nítorí náà ẹ rí lọ́yà ìgbélùú kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ní California, àwọn Regional Center, ìyẹn àwọn ọ́fíìsì tó ń ran àwọn tó ní ìpèníjà ìdàgbàsókè lọ́wọ́, kì í wo ìwé ìgbélùú kí wọ́n tó ranni lọ́wọ́. Ní Texas, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn èèyàn ń dúró de Medicaid waiver, ìyẹn ètò kan lábẹ́ ìlera ìjọba tó ń sanwó olùtọ́jú inú ilé, nítorí náà ẹ tètè forúkọ ọmọ sílẹ̀, kí ẹ má dúró di ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ tú u sílẹ̀. Bí ẹ bá sì kó kúrò nílé tí ẹ wà, ẹ pe àwọn tí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ fún wọn ní àdírẹ́sì tuntun.