Bí Wọ́n Ṣe Wọn Oríire Sínú Scrabble

Iṣẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ Alfred Butts tó fi ráyè gbọ́ tàwọn eré ìdíje. Ayàwòrán-ilé ni ní New York, àmọ́ ní 1931 tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, ta ló fẹ́ kọ́lé? Butts bá jókòó, ó pín eré sọ́nà mẹ́ta: ti nọ́ńbà bíi dáìsì àti bíńgò, oríire ló ń darí ìyẹn, ti títa bíi chess, ọgbọ́n pọ́nńbélé bíi ayò ọlọ́pọ́n tiwa, àti ti ọ̀rọ̀. Ó fẹ́ ṣe èyí tí oríire àti ọgbọ́n yóò jọ máa pín. Èyí ló di Scrabble: èèyàn á fa lẹ́tà nínú àpò láì wò ó, á sì fi to ọ̀rọ̀ sórí pátákó fún máàkì.

Bó ṣe wọn oríire yẹn ló wú mi lórí jù. Kò méfò rárá. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn New York Times síwájú, ó ń ka lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan: E mélòó, Z mélòó? Ìdí nìyẹn tí E fi jẹ́ 12 nínú 100 ẹyọ tó wà nínú àpò, máàkì kan péré ló sì ní. Q àti Z jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, máàkì mẹ́wàá mẹ́wàá. Orí S ló ti dìídì ṣahun. Mẹ́rin péré ló fi sí i, torí pé ẹni tí S bá kún ọwọ́ ẹ̀ kò ní í ronú mọ́: á kàn máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni.

Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá kọ eré náà. Ní 1948, James Brunot gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó sọ ọ́ ní Scrabble, ó sì kọ́kọ́ jẹ gbèsè lórí ẹ̀ kí ọjà tó ṣí.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tún wá rí ọ̀nà míì láti fi dín agbára oríire kù. Ẹni tó bá lo lẹ́tà méjèèje tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ń gba èlé máàkì 50, lóòótọ́, àmọ́ ó di dandan kó tún ki ọwọ́ bọ àpò fún méje tí kò mọ̀. Àwọn tiwa yàn láti máa ta ọ̀rọ̀ kúkúrú, kí wọ́n di àwọn lẹ́tà tó dáa mú, kí wọ́n sì dí ojú pátákó mọ́ alátakò. Báyìí ni Wellington Jighere ṣe na Lewis Mackay, ará Gẹ̀ẹ́sì, ní 4-0 ní ìlú Perth, Australia, ní oṣù kọkànlá 2015, tó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Scrabble èdè Gẹ̀ẹ́sì. FELTY wà lára ohun tó ta lọ́jọ́ náà: lẹ́tà márùn-ún, máàkì 36.