Iṣẹ́ tí omi, iyọ̀ àti ṣúgà ń ṣe nínú àpótí òògùn ọmọdé

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń yọ ìkókó lẹ́nu, àwùjẹ̀ rẹ̀ ni àwọn ìyá àgbà kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ kàn. Bí àwùjẹ̀ bá ti wọlé, tó jin kòtò, wọ́n á ní ọ̀ràn náà ti kúrò ní kékeré. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ: omi ti gbẹ lára ọmọ náà. Ojú rẹ̀ á jin, ẹnu rẹ̀ á gbẹ, á máa sunkún láì sí omijé, wákàtí á sì máa gorí wákàtí tí ilédìí rẹ̀ kò ní tutù. Bí wọ́n bá fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè tí wọ́n sì jù ú sílẹ̀, á pẹ́ kó tó padà sí àyè rẹ̀. Omi àti iyọ̀ tó ń bá ìgbẹ́ lọ ló sábà máa ń pa ọmọ. Nítorí náà, ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ọmọ mu, ló yẹ kó ṣáájú gbogbo òògùn yòókù nínú àpótí ilé tí ọmọdé wà.

Ṣé omi lásán kò wá tó ni? Kò tó. Ara ìfun ní àwọn ọ̀nà tóóró tí nǹkan ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí àìsàn bá ti kọlu ìfun, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kì í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́, omi tí ọmọ bá sì mu á kàn gba inú rẹ̀ kọjá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí àìsàn kì í sábà rí bàjẹ́, èyí tí iyọ̀ àti ṣúgà jọ ń gbà wọlé. Ọ̀kan kì í dá gba ibẹ̀, àfi kí àwọn méjèèjì dé pọ̀. Bí wọ́n bá ti wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Ìdí tí ṣúgà fi wà nínú ORS nìyẹn, kì í ṣe torí adùn. Bákan náà ni mínírà àti máàtì kò ṣe lè dípò rẹ̀. Ṣúgà wọn ti pọ̀ jù, iyọ̀ wọn kò sì tó nǹkan. Ṣúgà tó bá pọ̀ jù a máa fa omi láti inú ara wá sínú ìfun, ìgbẹ́ á tún wá le sí i.

Lọ́dún 1971, nígbà ogun tó bí orílẹ̀-èdè Bangladesh, kọ́lẹ́rà jà láàárín àwọn tó sá wọ Íńdíà. Ní àgọ́ kan ní Bongaon, omi tí wọ́n ń fà sí àwọn aláìsàn lára kò ká wọn mọ́. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi nínú àgbá, kí ẹbí kálukú máa fi ife bù ú fún ẹni wọn. Tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 30 nínú 100 ló ń kú níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, iye náà kò pé 4. Ìyá, bàbá àti ẹ̀gbọ́n ló di ife yẹn mú.

Ibi tí àṣìṣe ti máa ń wọlé ni òdiwọ̀n. Púpọ̀ nínú ORS alápò tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì wà fún omi lítà kan, ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ pò ó kọ́kọ́ ka ara àpò náà. Piọ wọ́tà oní-50cl méjì ló jẹ́ lítà kan. Odindi àpò ORS ni kí wọ́n dà sínú omi náà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan máa ń da díẹ̀ sínú ife kan torí pé ọmọ náà kéré, kí wọ́n sì ká ẹnu àpò tó kù. Iyọ̀ ife yẹn lè pọ̀ jù, iyọ̀ àpọ̀jù sì lè ṣe ọpọlọ ọmọ léṣe. Bí ORS kò bá sí nílé, wọ́n lè fi ṣíbí tíì wọn ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú omi mímọ́ lítà kan. Kí ṣíbí kún déédéé létí ni, kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé èyí tó bá yọ sókè kúrò. Kí wọ́n wá tọ́ ọ wò: bó bá níyọ̀ ju omijé lọ, kí wọ́n dà á nù kí wọ́n tún òmíràn pò.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì á mu 50 sí 100ml lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ á mu 100 sí 200ml. Bó bá bì í, kí wọ́n ní sùúrù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí. Ọmú kò gbọdọ̀ dá, oúnjẹ náà kò gbọdọ̀ dá. ORS pípò tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn wákàtí 24, dídànù ni. Oògùn zinc ló ń bá ORS rìn: 20mg lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, tàbí 10mg fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ó ń mú kí ìgbẹ́ náà tètè lọ, kò sì ní jẹ́ kó tètè padà. Flagyl tí ọ̀pọ̀ ilé máa ń sáré rà kò wúlò fún èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé.

Eyín ni wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi ìgbẹ́ gbuuru rù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé nǹkan bí oṣù mẹ́fà tí eyín bẹ̀rẹ̀ sí hù, ìgbà náà ni ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí rá, tó ń he ohun gbogbo sẹ́nu, tó sì ń bẹ̀rẹ̀ ògì. Ààbò tó gbà lára ìyá rẹ̀ nínú oyún náà sì ti ń dín kù nígbà yẹn. Òògùn eyín kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin gba ẹ̀mí ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà láàárín ọdún 2008 sí 2009. Kẹ́míkà olóró kan ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò lè tọ̀ mọ́, kíndìnrín wọn daṣẹ́ sílẹ̀. Ó ṣì ń dunni títí dòní, torí pé eyín kò béèrè òògùn rárá.

Orúkọ kan náà, ibà, ni a ń pe ara gbígbóná àti àìsàn tí ẹ̀fọn ń fà, ọ̀rọ̀ yìí sì ti mú ọ̀pọ̀ ilé ṣìnà. Ara ọmọ lè gbóná nítorí ọ̀fìnkìn, etí dídùn tàbí àìsàn inú ìtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kékeré láti orí ìka, tí wọ́n kán sórí páálí àyẹ̀wò, á sọ bóyá ibà ẹ̀fọn ni láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Kí wọ́n ṣe é kí wọ́n tó fún ọmọ ní òògùn ibà.

Parasitámọ́ kò pa kòkòrò kankan. Ó ń mú ara rọ ọmọ ni. Ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, 10 sí 15mg fún kílò kan, kó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lójúmọ́. Ọmọ oní-kílò 10 á mu nǹkan bí 5ml nínú olómi tó ní 120mg nínú 5ml. Ṣùgbọ́n ìgò kékeré ti ìkókó, èyí tí wọ́n ń kán, lè ní 100mg nínú 1ml péré. Ẹni tó bá bu 5ml nínú rẹ̀ ti fún ọmọ ní 500mg, ó ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ló yẹ kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀. Ẹ má fún ọmọdé ní aspirin. Oyin dára fún ikọ́, àmọ́ kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, torí kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tó máa ń sọ iṣan ìkókó di aláìlágbára.

Gìrì ló ń dẹ́rù bani jù. Ara tó bá gbóná lójijì lè mú un wá bá ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, púpọ̀ rẹ̀ sì máa ń dá fúnra rẹ̀ kó tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí wọ́n dùbúlẹ̀ ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n tú aṣọ ọrùn rẹ̀, kí wọ́n wo aago. Ohunkóhun kò gbọdọ̀ wọ ẹnu rẹ̀, ìbáà ṣe ṣíbí tàbí àgbo. Àgbo ìtọ̀ màlúù tí wọ́n fi ewé tábà sí ti pa ọmọ púpọ̀. Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ọmọ á sì sùn lọ láì jí. Àwọn tó ń ti ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná kàn ń fi ọgbẹ́ kún ìyà rẹ̀ ni. Bí gìrì bá ti dá, ilé ìwòsàn ló kàn, kí wọ́n lè mọ ohun tó fà á.

Àwọn mìíràn tí kò gbọdọ̀ dúró sílé ni ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí tẹ̀mọ́mítà kà á sí 38, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ọmọ tí kò lè mu nǹkan kan, àti ọmọ tó ń sùn tí kò ṣeé jí. Fún oníkọ́, kí wọ́n ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko nígbà tí kò bá sunkún: 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ oṣù 2 sí 12, 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ ọdún 1 sí 5, ti kúrò ní ti oyin. Bó bá sì jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru ni, tí ọmọ náà ṣì ń gbé nǹkan mì, kí ife ORS bá wọn wọ ọkọ̀, ṣíbí kan ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, títí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì.